Iná Máṣìnì Tí Kò Fẹ́ Kú

Gbólóhùn kan wà tí mo kórìíra ju èébú lọ: "Ẹ ṣáà máa lò ó bẹ́ẹ̀." Bí òrùlé bá ń jò, ẹ ṣáà máa lò ó bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀kùn kò bá pa dé, ẹ ṣáà máa lò ó bẹ́ẹ̀. Èmi kì í lo nǹkan bẹ́ẹ̀, n kò sì ní bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ìkòyí (Ìkòyí tiwa ní Ìjùmú ni mò ń wí o, kì í ṣe ti àwọn olówó Èkó) máa ń sọ pé olóríkunkun ni mí. Wọn ò parọ́ mọ́ mi. Inú ilé wa ní Kábà ni mo ti jogún oríkunkun yẹn, lọ́wọ́ obìnrin méjì àti ọkùnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò ṣeé ká, lọ́dún tí iná kékeré kan lórí máṣìnì ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká. Ọ̀kadà tàbí alùpùpù ni wọ́n ń pè é níbòmíràn. Lọ́dọ̀ tiwa, tí wọ́n ti kà wá mọ́ ará Òkè Ọya tipẹ́tipẹ́, máṣìnì là ń pè é.

Bí mo bá di ojú mi báyìí, mo ṣì ń gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ nínú ọgbà wa. Ìpè mọ́sáláṣí ni yóò kọ́kọ́ dún, agogo ìjọ Àgùdà á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Ní àárọ̀ Sátidé, kí odó ẹnikẹ́ni tó dún, fáìlì rẹ̀ ni a máa ń gbọ́ lára ọkọ́: ṣààà, ṣààà. Ìdí máṣìnì, lábẹ́ àjà tí kì í gba òjò, ló máa ń jókòó sí. Á pọ́n gbogbo ọkọ́ àti àdá ilé, á sì ki ọwọ́ bọ inú igbá òrí kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á fi pa wọ́n kí wọ́n má bàa dógùn-ún. Òrí náà ti fìgbà kan rí funfun, ṣùgbọ́n ẹ̀rún irin tí fáìlì ń ha sílẹ̀ ti wọ inú rẹ̀ títí ó fi dúdú. Kì í ṣe ọkọ́ nìkan ló ń pa. Ó ń pa ìdè ilẹ̀kùn, ó ń pa ayùn bàbá mi, ó ń pa àgádágodo, ó tilẹ̀ pa àpótí onírin tí mo ń gbé lọ sílé ìwé títí tí ìwé mi fi ń rùn. Bí mo bá ráhùn, á ní, "Irin kì í sọ pé ebi ń pa òun. Ìgbà tó bá dógùn-ún ni wàá tó mọ̀. Ohun tí o bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ, máa fọwọ́ kàn án." Ọmọdé ni mí, mo rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ́ ló ń sọ.

Káfíńtà ni bàbá mi, ìyá mi sì jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìyàh-Gbẹ̀dẹ̀. Lọ́dún tó ṣáájú èyí tí mò ń sọ, Bàbá gun máṣìnì àtijọ́, ó ń lọ mú Màmá bọ̀ láti ibi iṣẹ́, òjò sì ká òun nìkan mọ́ ojú ọ̀nà níbi tó ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó tẹ bíréèkì, táyà dúró gbagidi, ṣùgbọ́n máṣìnì kò dúró. Ó fi ẹ̀gbẹ́ yọ̀ lọ lórí ẹrẹ̀ títí ó fi bá òkúta. Bàbá Títì, Jósẹ́fù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí a ń pè bẹ́ẹ̀ nítorí pé ilé rẹ̀ dojú kọ títì, ló lọ gbé e nínú ẹ̀jẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gbé e wọ ọgbà wa, Ìyá Àgbà tú gèlè rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ tuntun. Kò sunkún. Àtìgbà náà ni ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá ti le, tí kò ṣeé ká, tó ń fi ọ̀pá rìn. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ bàbá mi á mọ̀ pé ìbẹ̀rù kọ́ ló kọ́ nínú rẹ̀. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan pààlà sáàárín òun àti iṣẹ́ ìyàwó òun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ta máṣìnì tòkúnbọ̀ ní Kùtọnu sọ fún un pé irú kan wà tí táyà rẹ̀ kì í dúró gbagidi bí a bá tẹ bíréèkì lórí omi. Bàbá fi ẹ̀rọ ìrẹ́pákó rẹ̀ tó tóbi jù ṣe pàṣípààrọ̀, máṣìnì dé, Màmá sì kọ́ ọ lórí pápá ilé ìwé títí tí àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín fi lọ sílé.

Ohun tó mú máṣìnì náà yàtọ̀ kò ju ìka ọmọdé lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú, òrùka irin eléyín kan wà tó ń bá táyà yí. Ohun bí ìka yẹn dojú kọ àwọn eyín náà, ó ń kà wọ́n bí wọ́n ti ń kọjá. Sẹ́ńsọ̀ ni Bàbá ń pè é, ó ní ojú máṣìnì ni, òòfà sì wà nínú rẹ̀. Bí eyín bá ṣàdédé dẹ́kun yíyí nígbà tí máṣìnì ṣì ń sáré, ojú yìí á mọ̀ pé táyà fẹ́ yọ̀, bíréèkì á dẹwọ́ díẹ̀, á tún mú. Iná aláwọ̀ ọsàn kan wà níwájú ẹni tó ń gùn ún. Bí a bá ṣí kọ́kọ́rọ́, á tàn. Bí máṣìnì bá ti sáré díẹ̀, tí ojú náà sì rí eyín kà, á kú. Bí kò bá kú, ojú ti fọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ tí máṣìnì wọlé ni Bàbá ti fi òfin lélẹ̀ níwájú gbogbo wa: "Iná yìí kò gbọ́dọ̀ máa tàn kí ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí máa gùn ún. Èmi pàápàá, bí ẹsẹ̀ mi bá tilẹ̀ san." Ìyá Àgbà ní àmín. Ó jọ pé òfin yẹn nìkan ló dùn mọ́ ọn nínú ọ̀rọ̀ máṣìnì náà, nítorí ó kórìíra rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ó ń pè é ní "irin gàgàrà yìí".

Fún ìgbà díẹ̀, ayé dùn. Màmá á jáde lẹ́yìn tí a bá ti mu ẹ̀kọ, á sì ti padà kí oòrùn tó wọ̀. Èmi àti Kọ́lá àbúrò mi mọ ohùn máṣìnì náà láti oríta. Bí a bá ti gbọ́ ọ, mo máa ń pariwo sí Ìyá Àgbà pé kí ó da iṣu sódó. Kí Màmá tó tú bàtà, iyán ti ń dún, ẹ̀fọ́ ti wà lórí iná. Á jẹun, á gbọ́ ẹjọ́ wa, á wo ìwé mi, á sì sùn láàárín àwa méjèèjì. N kò mọ̀ nígbà náà pé ohun tí mò ń jẹ yẹn kì í ṣe iyán lásán. Lẹ́yìn tí òjò kejì bẹ̀rẹ̀, Màmá dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan, kò bọ́ sílẹ̀ kíákíá. Ó jókòó lórí máṣìnì, ó ń wo iwájú rẹ̀. "Bàbá Dúpẹ́," ó fi orúkọ mi pe ọkọ rẹ̀, "iná yìí tàn láti Ìyàh-Gbẹ̀dẹ̀ títí dé ibí. Kò kú."

Sulé ni a ránṣẹ́ pè, mẹkáníìkì tó ń tún gbogbo máṣìnì àdúgbò wa ṣe, ẹni tó ń jẹ obì títí tí eyín rẹ̀ fi pọ́n bí ẹrẹ̀ ọ̀nà Kábà. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Dúpẹ́, kí lẹ fẹ́ fi iná ṣe? Ẹ jẹ́ kí n gé wáyà rẹ̀. Iná á kú, ọkàn yín á balẹ̀." Bàbá dáhùn láti orí àga rẹ̀: "Sulé, bí nǹkan bá ń dun ọmọ rẹ tó ń ké, ṣé ọ̀fun rẹ̀ lo máa dì?" Sulé ní, "Háà, Bàbá Dúpẹ́, ẹnu yín! Gbogbo máṣìnì Kábà ni kò ní sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n sì ń rìn. Ẹ ṣáà máa lò ó bẹ́ẹ̀." Ẹ gbọ́ ọ báyìí. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ gbólóhùn yẹn. Bàbá kàn na ọ̀pá rẹ̀ sí ẹsẹ̀ máṣìnì. Sulé fi páláyà fa sẹ́ńsọ̀ náà yọ, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó kì í bọ àyè rẹ̀ padà, ó gun máṣìnì náà lọ sóríta, iná sì kú. A kí i kú iṣẹ́. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, iná tún tàn. Ó tún un ṣe, ó tún tàn. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti yí, á yí padà sí wa bí ẹni tó wá gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Sulé bẹ̀rẹ̀ sí í wo máṣìnì náà láti òkèèrè, ó ní nǹkan mìíràn wà nínú rẹ̀.

Òfin Bàbá wá di ẹ̀wọ̀n fún wa. Gbogbo ìgbà tí iná bá tàn, Màmá á wọkọ̀. Ọkọ̀ Ìyàh-Gbẹ̀dẹ̀ kì í sì í tètè kún. Kí ó tó débẹ̀, àwọn aboyún á ti jókòó títí tí wọ́n á ti máa bínú, kí ó sì tó padà, Kọ́lá á ti sùn lórí ẹní pẹ̀lú omijé lójú. Ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Títì wá pẹ̀lú àwọn àgbà ẹbí díẹ̀, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn búburú, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ débi tí kì í fi í gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Sámúẹ́lì," ó ní, "mo ti gbé ọ nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. N kò ní gbé ìyàwó rẹ. Ẹ ta irin yìí. Kí Ìyàwó gba yàrá kan sí Ìyàh-Gbẹ̀dẹ̀, kó máa wálé lọ́jọ́ Sunday. Ìyá wa ń bẹ níbí, á máa wo àwọn ọmọ." Ìyàwó ilé kì í dá ẹ̀gbọ́n ọkọ lóhùn níwájú ẹbí. Gbogbo ojú yí sí Ìyá Àgbà. Ó ń gé ilá, kò gbójú sókè. "Òótọ́ ni Jósẹ́fù sọ," ó ní. "Ẹ tà á."

"N kò gbà!" Ohùn mi ni mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò mọ ìgbà tó jáde. Bàbá Títì bojú wẹ̀yìn. "Ta nìyẹn?" "Èmi ni, sà. N kò gbà. Màmá mi ò lọ síbì kankan." Wọ́n lé mi jáde. Mo jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo na ẹsẹ̀ mi méjèèjì wọlé kí wọ́n lè máa rí i. Kò sẹ́ni tó lé ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí Bàbá ń bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí wọ́n fún òun di ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Bí iná náà kò bá kú lójú gbogbo wọn lọ́jọ́ náà, máṣìnì á lọ, Màmá náà á lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Màmá fa báàgì dúdú kan tó ní síìpù yọ lábẹ́ ibùsùn, ó kó ìró méjì àti aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀ sínú rẹ̀. Mo kó wọn jáde. Ó tún kó wọn wọlé, kò bá mi wí. Mo tún kó wọn jáde. Ó mú mi mọ́ra, ó ní, "Dúpẹ́, èmi náà ò gbà. Ṣùgbọ́n obìnrin tí kò gbà gbọ́dọ̀ ti di ẹrù rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ó ń bẹ̀bẹ̀." Báàgì náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí ọ̀sẹ̀ náà fi parí, mo sì ń ta á nípàá ní gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá.

Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí Ìyá Àgbà ti pọ́n ọkọ́ rẹ̀ tán tó sì ti gba oko lọ, Bàbá ní kí a má ṣe fa sẹ́ńsọ̀ náà yọ wàràwàrà mọ́, kí a tú u bí ẹni ń tú aṣọ lára olókùnrùn. Òun ò lè bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ọwọ́ Màmá ló ń ṣe é, ẹnu Bàbá ló ń darí rẹ̀, Sulé ń na sípánà, èmi ni mo di táyà mú. Màmá tú bóòtù tó dè é mú, ó rọra fà á. Gbogbo wa wò ó. Irùngbọ̀n ti hù sí ẹnu sẹ́ńsọ̀ náà, dúdú, ó ṣù mọ́ òòfà, ó ń dán. Sulé ní, "Sùbáhánàlláhì. Mo nu eléyìí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá." Màmá fi ìka kàn án, ó gbé e sí imú. Mo rí ojú rẹ̀ bó ti yí padà. Ó na ìka náà sí Bàbá, Bàbá gbóòórùn rẹ̀, òun náà sì gbójú kúrò, ó ń wo ibi tí àwọn ọkọ́ fẹ̀yìn tì sí. Èmi náà na imú. Ta ni kò ní mọ òórùn yẹn nínú ilé wa? Òórùn àpótí ìwé mi ni. "Ó ń rùn bí òrí Ìy—" Màmá wò mí. Ẹ̀yin tí ìyá nọ́ọ̀sì tọ́ dàgbà mọ irú ojú tí mò ń sọ. Mo gbé e mì. Màmá fi àkísà tí ó ti rin bẹntiróòlù nu sẹ́ńsọ̀ náà, ó nu eyín òrùka lọ́kọ̀ọ̀kan, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ohun tó sọ kò ju pé, "Ó dọ̀tí díẹ̀ ni."

Síbẹ̀ ìnù nìkan kò tó. Páláyà Sulé ti tẹ irin pẹlẹbẹ tó di sẹ́ńsọ̀ náà mú, ojú rẹ̀ kò wo eyín tààrà mọ́. Màmá gbé e sórí tábìlì iṣẹ́ Bàbá, ó fi òòlù onígi lù ú títí ó fi tọ́. Bí ó ti dè é padà, mo yí táyà, ó sì ń ha: kẹrẹkẹrẹ. Bàbá ní, "Bí ilẹ̀kùn àti férémù ni. Bí wọ́n bá súnmọ́ra jù, wọ́n á máa jẹra wọn. Bí wọ́n bá jìnnà jù, atẹ́gùn á gba àárín wọn." Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Kùtọnu lórí fóònù, ìyẹn sì ní kí a ká káàdì ríṣájì sí méjì, kí a fi wọn àlàfo náà: kí káàdì wọlé, kó há díẹ̀, kó má sì ya. Sulé gé agolo mílíìkì, ó ṣe é ní wásà, òrùka fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, Màmá fi í sábẹ́ rẹ̀. Káàdì wọlé níbì kan, kò wọ ibòmíràn. Ó yọ ọ́, ó tún un ṣe. Ó dè é pinpin, ó tún sún kúrò láyè rẹ̀ nígbà tí bóòtù mú un. Sulé mí kanlẹ̀. "Ìyá Dúpẹ́, ó ti tó. Ẹ ṣáà máa—" "Sulé," Màmá ní, láìgbójú sókè, "bí o bá parí ọ̀rọ̀ yẹn, òòlù yìí wà lọ́wọ́ mi." Sulé bú sẹ́rìn-ín, ó sì di bóòtù náà mú fún un láti òdìkejì. Mo rọra yí táyà náà yípo, káàdì wọ gbogbo eyín, kò sí ibi tó ti há jù. Màmá fẹ́ gùn ún lójú ẹsẹ̀. Bàbá ní rárá, ojú àwọn tó fẹ́ tà á ló ti gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀.

Wọ́n dé lọ́jọ́ Àìkú. Bí Bàbá Títì ti wọ ọgbà ni ó fi ẹsẹ̀ kan àkísà tí Màmá fi nu sẹ́ńsọ̀. A ti gbàgbé rẹ̀ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó jù ú nù bí ẹni tí iná jó. "Oògùn! Ẹ wo oògùn! Mo mọ̀ pé ojú lásán kọ́! Sulé, ìwọ lò ń tú u, ìwọ lò ń dè é. Kí lo fi sí ẹsẹ̀ máṣìnì yìí?" Sulé ń búra. Àwọn àgbà ti dìde. Màmá kúnlẹ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ìdọ̀tí lásán ni." Ó mọ̀ ọ́n o, ó sì fẹ́ gbé e mì, kí ojú má bàa ti ìyá ọkọ rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá rántí ìkúnlẹ̀ yẹn, inú á kọ́kọ́ bí mi, lẹ́yìn náà orí mi á wú.

"Jósẹ́fù, jókòó." Ìyá Àgbà ti jáde, àkísà náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Òrí ni. Òrí ọkọ́ mi. Èmi ni mo fi pa á." Ó na àkísà náà sí Bàbá Títì. "Ní gbogbo Sátidé, kí ẹnikẹ́ni tó jí. Bí mo bá pa ọkọ́ tán, mo fi èyí tó kù pa ẹsẹ̀ irin gàgàrà yìí, yípo yípo, títí dé eyín rẹ̀. Mo ní, irin, gbé ọmọ mi lọ, gbé e bọ̀ wá fún mi." "Ìyá!" Bàbá Títì ní. "Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní ká tà á?" "Mo ní kí ẹ tà á. Ẹ ò sì tíì tà á. Ṣé kí n wá jẹ́ kó dógùn-ún mọ́ ọn nídìí ni? Mo ń bẹ̀rù rẹ̀, mo sì ń tọ́jú rẹ̀. Kí ló le nínú ìyẹn tí kò lè yé ọkùnrin? Bí ẹ bá ní oògùn ni, èmi ni kí ẹ mú, ẹ fi Sulé sílẹ̀." Kò sẹ́ni tó mú un. Ta ni yóò mú un? Bàbá rọra ṣàlàyé pé ẹ̀rún irin tó wà nínú òrí náà ni òòfà ń fà, òun ló ń ṣù bo ojú máṣìnì. Ìyá Àgbà wò ó pẹ́. "Ojú ni? Ẹ jẹ́ kí n máa fi òrí sí nǹkan lójú, ẹ ò wí?" Ó yíjú sí Màmá tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ìwọ sì gbóòórùn rẹ̀, o dákẹ́." Màmá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá." "Dìde ńlẹ̀."

Ọ̀rọ̀ kò tíì tán lẹ́nu Bàbá Títì. Ó ní kí wọ́n ṣí kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ṣí i, iná aláwọ̀ ọsàn tàn bò ó lójú. "Ẹ wò ó, ó ń tàn!" Bàbá ní ó di ìgbà tó bá sáré díẹ̀ kó tó kú. "Sámúẹ́lì, òfin rẹ ńkọ́? Ṣé ìwọ kọ́ lo ní bí iná bá ń tàn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gùn ún?" Sulé ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gùn ún lọ sóríta. "Kí o lọ gé wáyà rẹ̀ níbẹ̀?" Bàbá Títì ní. "Ìwọ kọ́ lo máa gùn ún lọ sí Ìyàh-Gbẹ̀dẹ̀." Mo rí ojú Bàbá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ti dè é lọ́wọ́ dè é lẹ́sẹ̀. Máṣìnì tí a kò gbọ́dọ̀ gùn àyàfi bí iná bá kú, iná tí kò sì ní kú àyàfi bí a bá gùn ún. Mo wo báàgì dúdú náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìgbà yẹn ni Ìyá Àgbà so ìró rẹ̀ le, ó gbá ìborùn rẹ̀ mọ́ ìdí. "Ta ló bí ẹni tó ṣòfin yẹn? Èmi ni. Mo ti gbé e kúrò. Ìyàwó, gun nǹkan rẹ. Jósẹ́fù fẹ́ ẹlẹ́rìí. Èmi ni n ó jẹ́rìí." Ó gbé ẹsẹ̀ lé e. Obìnrin tí kò jókòó lórí máṣìnì rí láyé rẹ̀, tó gba ọmọ rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ nítorí máṣìnì, ó di Màmá mú níkùn, ó gbé àgbọ̀n lé èjìká rẹ̀ kó lè rí iwájú, ojú rẹ̀ sì le koko. Bàbá Títì di orí mú. "Ìyá, ẹ sọ̀kalẹ̀!" "Máa lọ, Ìyàwó."

Wọ́n kọjá láàárín àwọn àgbà bí wọ́n ti ń yà fún wọn. Mo sáré tẹ̀ lé wọn láìwọ bàtà, mo dé ẹnu ọgbà, ìgbà náà ni ohùn Ìyá Àgbà bú jáde lójú títì, tí gbogbo àdúgbò gbọ́: "Ó ti kú! Jósẹ́fù o! Iná ti kú!" A rò pé wọ́n á yí padà. Wọn ò yí padà. Ohùn máṣìnì náà ń jìnnà sí i, ó gba ọ̀nà Ìyàh-Gbẹ̀dẹ̀ lọ. Bàbá dúró lórí ọ̀pá rẹ̀. Ó pẹ́ kí a tó tún gbọ́ ọ láti oríta. Ẹrẹ̀ wà lára ìró Ìyá Àgbà nígbà tó sọ̀kalẹ̀, gèlè rẹ̀ sì ti wà lọ́rùn. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí Bàbá ti ṣubú ló ní kí Màmá gbé òun lọ, ó ní kí ó tẹ bíréèkì níbẹ̀, lórí ẹrẹ̀. "Ó dúró," ó sọ fún Bàbá. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i tó sunkún. "Ọmọ mi, ó dúró."

Ìyá Àgbà wọlé, ó fa báàgì dúdú náà jáde lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó tú síìpù rẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó kó aṣọ Màmá lé mi lọ́wọ́ pé kí n lọ tò wọ́n padà. Ó wá gbé báàgì tó ṣófo náà lọ sábẹ́ àjà, ó kó àwọn ọkọ́ rẹ̀ sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òrí lára wọn. Ìyá Àgbà ti lọ báyìí. Báàgì náà ṣì wà lórí ìṣó nílé wa ní Kábà. Màmá fẹ́ fọ̀ ọ́ lọ́dún tó kọjá, mo ní n kò gbà.